Eyín Tí Kì Í Jẹun

Ní Meadville, ní Pennsylvania, òtútù oṣù kìíní
kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ,
mo gbọn yìnyín kúrò lára bàtà,
mo tan ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo rà ní àlòkù
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó lọ sí Florida.

Oníbàárà àkọ́kọ́, Verna Sobczak,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
gbé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó sùn:
"Síìpù rẹ̀ há. Má pààrọ̀ rẹ̀ o.
Ọwọ́ ìyá mi wà nínú ẹ̀."

Mo wò ó. Idẹ ni,
ó ti pọ́n bí eyín amutábà.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nílùú yìí,
n ò mọ̀ pé ibí ni síìpù ti rìn jáde lọ sáyé.
Verna ń sọ, mo ń gbọ́:
bí wọ́n ṣe gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ síbi ìpàtẹ ní Chicago,
tí èrò ń kọjá, tí wọ́n ń wò ó
bí ẹni ń wo ìlérí olóṣèlú.
Ó ń já sílẹ̀. Ó ń dógùn-ún.
Ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ́ yẹ̀rì kò lè jókòó kó fọkàn balẹ̀.
Ogún ọdún kọjá lórí ìtìjú yẹn
kí wọ́n tó sọ eyín náà di wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ di púpọ̀,
kí wọ́n tó rí i pé kì í ṣe ìkọ́ ló yẹ kó di aṣọ mú
bí kò ṣe ife kékeré lórí ife kékeré,
bí abọ́ tí a kó lé ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Orúkọ ńkọ́? Ní Akron, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà rọ́bà,
wọ́n fà á, wọ́n gbọ́ bó ṣe ké,
wọ́n ní igbe rẹ̀ ni kó máa jẹ́.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mọ́mì, ọgbọ́n wa lẹ dá un.
Nílé wa, ohun tó bá ń dún pù-pù-pù lójú títì,
alùpùpù là ń pè é,
a ò bi í ní ìwé ẹ̀rí."

Ìwé ẹ̀rí. Orúkọ ọkùnrin ló kún inú rẹ̀.
Stasia, ìyá Verna, kò sí níbẹ̀,
ẹni tó jókòó ọdún mọ́kàndínlógún lábẹ́ gílóòbù,
tó ń fi àtàǹpàkò yẹ eyín wò, ọ̀pá lẹ́yìn ọ̀pá.
Bó bá dalẹ́, tó ní kí òun di irun ọmọ òun,
Verna ní kì í parí ẹ̀:
"Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń wá èyí tó yẹ̀."

Bàbá mi, télọ̀ ní Ìkìrun,
a máa já síìpù kúrò lára ṣòkòtò òkú
fi rán ti ọmọ ilé-ìwé.
Kò béèrè ibi tó ti wá rí.
Ó gbà pé Gbági ni, ní Ìbàdàn.
"Ahọ́n òun eyín a máa jà," ló máa ń wí,
"àmọ́ wo àwọn wọ̀nyí: eyín sí eyín,
wọn ò bu ara wọn jẹ."
Bó bá há, àbẹ́là ló ń fi í pa.
Ta ló kọ́kọ́ fi àbẹ́là pa síìpù?
N ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀.

Mo mú èkúté àbẹ́là jáde nínú dúrọ́ọ̀.
Mo pa apá ọ̀tún, mo pa apá òsì.
Ó há. Ó tún há.
Lẹ́ẹ̀kẹta, fìììpù!
Verna dijú. "Tún un fà."
Mo tún un fà.

Lóde, àwọn ọmọ ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé-ìwé,
wọ́n ti pa kóòtù dé dé gbẹ̀gbẹ̀rẹ̀ ọrùn,
kò sí èyí tó wo ọwọ́ ara rẹ̀.
Ó ní èló ni.
Mo ní kó mú àbẹ́là kan wá lọ́jọ́ mìíràn;
èyí ti ń tán.